Kókó Ẹ̀gbẹ́ Aago: Ṣé Kí N Tún Un Ṣe Fúnra Mi Ni, àbí Kí N Gbé E Fún Aláago?

Ìtàn la máa ń sọ níbí, tòní sì dá lórí ohun kan tó kéré bíi hóró àgbàdo: kókó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ọwọ́, èyí tí a máa ń fà síta tí a sì ń yí nígbà tí a bá fẹ́ tún àkókò ṣe. Òyìnbó ń pè é ní crown, bí ẹni pé adé ló dé. Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pá oníhò tín-ín-rín kan wà tí wọ́n kì mọ́ ara aago. Túùbù ni n ó máa pe ìyẹn. Inú túùbù ni irin tó so kókó mọ́ ẹ̀rọ inú aago ń gbà kọjá.

Bí kókó bá já, tàbí tí ìpẹtà bá jẹ túùbù, ìbéèrè kan ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn: ṣé kí n wo fídíò lórí YouTube kí n sì tún un ṣe fúnra mi, àbí kí n gbé e lọ fún ẹni tó ń tún aago ṣe? Ó jọ ọ̀rọ̀ owó lásán. Ṣùgbọ́n ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti lé ní 170 ọdún, ó sì kan iṣẹ́ àwọn bàbá kan tí ẹ ti kọjá lára wọn ní Ìdí-Àràbà láìmọye ìgbà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè wa. Agogo ni aago jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìyẹn irin tí à ń lù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé "aago méjì ti lù" títí dòní, kódà bí ó bá jẹ́ aago ọwọ́ tí kò lè dún pìnpìn. Nígbà tí tẹlifóònù dé, orúkọ yẹn náà la tún fún un: "tẹ̀ mí láago." Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Láyé àtijọ́, aago àpò kò ní kókó kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kọ́kọ́rọ́ kékeré ni olówó aago fi ń yí i. Lójoojúmọ́ ló máa ṣí i, á ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, á yí i títí yóò fi le. Eruku ń bá a wọlé, kọ́kọ́rọ́ sì máa ń sọnù. Oríṣiríṣi èèyàn ló gbìyànjú láti bọ́ lọ́wọ́ kọ́kọ́rọ́ yìí. Ẹni tí ọ̀nà tirẹ̀ lókìkí jù ni ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Adrien Philippe. Ní 1844, ó gbé aago tí wọn kì í fi kọ́kọ́rọ́ yí lọ síbi ìpàtẹ ńlá kan ní Paris. Ibẹ̀ ni Antoine Patek ti bá a pàdé, àwọn méjèèjì sì ṣiṣẹ́ pọ̀. Ilé iṣẹ́ Patek Philippe ti ọjọ́ yẹn náà la ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ẹ wo ohun tí kókó yẹn yí padà. Kí ó tó dé, ẹni tó ni aago mọ inú rẹ̀ dáadáa, nítorí ojoojúmọ́ ló ń ṣí i. Lẹ́yìn tí kókó dé, kò nílò láti ṣí i mọ́. Inú aago wá di ibi tí ẹlòmíràn nìkan ń wọ̀. Ìrọ̀rùn wọlé, ìmọ̀ sì jáde.

Kókó tún mú ìṣòro tuntun wá. Kí irin rẹ̀ tó lè wọnú aago, ihò gbọ́dọ̀ wà lára ilé aago, ihò sì ni ọ̀nà omi. Ní 1926, Hans Wilsdorf tó dá Rolex sílẹ̀ gbé aago Oyster jáde. Oyster ni òyìnbó ń pe ẹran omi kan tó máa ń pa ìkarahun rẹ̀ dé pinpin. Kókó aago yìí kì í ṣe èyí tí a ń tì wọlé lásán. Ṣe ni a ń yí i mọ́ túùbù bí a ti ń yí ọmọrí mọ́ ìgò omi. Ní oṣù kẹwàá 1927, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mercedes Gleitze gbé aago náà kọ́ ọrùn, ó sì wọ omi tó wà láàárín England àti Faransé. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé ó wẹ omi náà já lọ́jọ́ yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti wẹ̀ ẹ́ já ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, láìsí aago yẹn lọ́rùn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí aago wà lọ́rùn rẹ̀, òtútù pọ̀ débi pé wọ́n ní láti fà á jáde lẹ́yìn wákàtí tó lé ní mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n aago kò dúró. Ní oṣù kọkànlá, Wilsdorf fi ìròyìn náà kún ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn Daily Mail.

Láti ìgbà náà ni aago ọwọ́ ti ń di ohun tí a fi rọ́bà róbótó àti túùbù dí lẹ́nu. Kódà nígbà tí Seiko gbé aago quartz tí wọ́n pè ní Astron jáde lọ́jọ́ Kérésìmesì 1969, èyí tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ tí a kì í yí kó tó lọ, kókó kò lọ. A ṣì nílò rẹ̀ láti tún àkókò ṣe. Ihò ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sí Ìdí-Àràbà wàyí. Orúkọ àdúgbò yìí sọ ìtàn ara rẹ̀: ìdí igi àràbà. Ṣùgbọ́n lónìí, tí ẹ bá ní Ìdí-Àràbà, ilé ìwòsàn ńlá LUTH ló máa wá sí wa lọ́kàn, àti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1962. Ìṣègùn àti aago sì ti jọ ń rìn tipẹ́. Ní 1707 ni dókítà ará England kan, John Floyer, ti tẹ ìwé jáde nípa aago tí wọ́n ṣe láti fi ka bí iṣan ṣe ń lù láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí fóònù tó dé, nọ́ọ̀sì tí aago rẹ̀ kú lórí iṣẹ́ kò lè ka iṣan aláìsàn dáadáa. Nọ́ọ̀sì kan náà yìí sì ń fọwọ́ lójoojúmọ́ láìdákẹ́. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń fi aago kọ́ àyà, níbi tí ọṣẹ àti omi kò ti ní í dé ibi kókó rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Aago ọwọ́ tó fi ka iṣan fún ọdún púpọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Kókó rẹ̀ ti jẹ, túùbù rẹ̀ sì ti pẹtà. Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó tẹ́ tábìlì sábẹ́ agbòòrùn ní ẹ̀bá ọ̀nà, kò jìnnà sí ilé ìwòsàn náà. Ẹ̀mú kékeré, awò ojú kan, àwo tó kún fún ẹ̀yà aago òkú: gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ ọ̀gá òun. Ìyẹn bá ohun tí ìtàn sọ mu. Ní 1975, owó Udoji wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn èèyàn sì ra ohun tí ọkàn wọn fẹ́. Ní 1980, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Nígbà tí ètò SAP dé ní 1986, náírà ṣubú. Ẹni tí ì bá ra tuntun wá gbé èyí tó ti gbó lọ fún àtúnṣe. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 2001, fóònù alágbèéká GSM wọlé. Fóònù tí a fún ní orúkọ aago ló wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aago gan-an. Kò sí ọmọ iṣẹ́ kankan lọ́dọ̀ bàbá báyìí. Ó sọ ọ́ fún mi láìbínú: "Ọmọ mi, ta ló máa fún mi lọ́mọ rẹ̀ kó wá kọ́ iṣẹ́ aago?"

Fóònù yìí kan náà ló ń kọ́ wa báyìí pé a lè ṣe é fúnra wa. Ṣé òótọ́ ni? N ó sọ ohun tí mo mọ̀.

Kókó nìkan, ẹ lè ṣe é, bí aago náà kò bá jẹ́ olówó ńlá. Ẹ ó ṣí ẹ̀yìn aago, ẹ ó fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó tẹ ojú kékeré kan kí irin kókó lè jáde. Ẹ rọra o: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù nínú ẹ̀rọ mìíràn, ẹ̀yà inú á yẹ̀, ó sì lè di pé kí a tú ojú aago kó tó padà sípò. Kókó tuntun gbọ́dọ̀ bá irin náà mu ní yíyí, ó sì gbọ́dọ̀ bá túùbù mu ní fífẹ̀. Bí irin bá jẹ́ tuntun, ẹ ó gé e, ẹ ó máa fi ayùn ìrẹ́rin rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, torí èyí tó bá ti kúrú jù kò ṣeé dá padà.

Túùbù ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Òmíràn wà tí wọ́n tẹ̀ wọnú ilé aago pẹ̀lú agbára, òmíràn wà tí wọ́n yí wọlé pẹ̀lú irin àkànṣe tí kò sí fún iṣẹ́ mìíràn. Bí ó bá kán sínú ihò, ẹni tó ní ọwọ́ àti irinṣẹ́ ló lè yọ ọ́ láìba ihò náà jẹ́. Bí ihò bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ níwọ̀n bíńtín, omi ti rí ọ̀nà. Owó irinṣẹ́ tí ẹ máa lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sì lè ju owó iṣẹ́ aláago lọ fíìfíì. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Ní tèmi, mo pààrọ̀ kókó aago pọ́ọ́kú kan fúnra mi, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ti ẹ̀gbọ́n màmá mi, bàbá ni mo gbé e fún. Nínú àwo òkú aago rẹ̀ ló ti wá túùbù tó bá a mu. Lẹ́yìn tó dí i tán, ó mú aago náà gbóná díẹ̀, ó sì kán omi tútù sójú dígí rẹ̀. Ó ní bí kùrukùru bá bo abẹ́ dígí, a jẹ́ pé omi wà nínú rẹ̀. Kùrukùru kò bò ó.

Àwo òkú aago yẹn ló yẹ ká ronú lé lórí. Ní ìparí 2015, Swatch Group dáwọ́ títa ẹ̀yà aago wọn dúró fún àwọn alágbàtà ní Britain. Ó di pé kí aláago ní ìwé àṣẹ kó tó rí ẹ̀yà rà. Níbi tí ẹ̀yà tuntun kò bá ti dé, àwo bàbá ni ilé ìṣúra wa. Ṣùgbọ́n àwo náà kò wúlò láìsí ojú tó mọ èyí tó bá èyí mu, ojú yẹn kò sì tíì ní ọmọ iṣẹ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi rèé. Ẹ fi aago tí kò gbówó lórí kọ́ ọwọ́ yín, kí ẹ lè mọ inú ohun tí ẹ ń wọ̀. Túùbù, ẹ gbé e fún aláago. Nígbà tí ẹ bá sì gbé e lọ, ẹ má kàn jù ú sórí tábìlì kí ẹ máa tẹ fóònù. Ẹ bèèrè bóyá ẹ lè dúró wò ó. Èmi dúró, bàbá sì yí àga kejì sí mi.

Tí aláago bá ṣì wà ládùúgbò yín, ní Mushin, ní Yaba tàbí ní Surulere, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa kí ẹ sọ ibi tó wà. A máa kà á jáde nínú ètò tó ń bọ̀. Ó dìgbà o.