Nígbà Tí Owó Bá Di Àríyànjiyàn Láàárín Oníbàárà àti Ilé Ìtajà

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ti bá irú ọ̀ràn yìí pàdé. Ẹ ra ọjà ní ilé ìtajà ńlá, ẹ fi káàdì sanwó, ẹ̀rọ POS sì sọ pé owó kò wọlé. Kí ẹ tó gba káàdì yín padà, àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì ti dé pé wọ́n ti yọ owó. Ẹni tó ń gbowó ní òun kò rí nǹkan kan. Ẹ̀yin ní ẹ ti san. Kí ló yẹ ká ṣe?

Ọwọ́ Ta Ni Owó Náà Wà?

Ká tó bínú, ẹ jẹ́ ká mọ bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí a bá ti tẹ nọ́ńbà àṣírí wa, ẹ̀rọ náà yóò ránṣẹ́ sí báńkì wa láti béèrè owó. Nígbà míì, báńkì á yọ owó, àmọ́ èsì rẹ̀ á sọnù lójú ọ̀nà. Ìwé tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ jáde yóò wá sọ pé DECLINED. Lọ́pọ̀ ìgbà, irú owó bẹ́ẹ̀ kò dé ọwọ́ ilé ìtajà rárá. Báńkì ló gbọ́dọ̀ dá a padà. Nítorí náà, kò yẹ ká pe ẹni tó ń gbowó ní olè. Bó bá jẹ́ kí ọjà lọ láìrí owó, inú owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n ti lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ìwé náà bá ní APPROVED, a ti san owó wa. Ó kù sọ́wọ́ ilé ìtajà àti báńkì tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ Tó Yẹ Ká Gbé

Èkíní, ká gba ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀, kódà bí ìsanwó kò bá yọrí. Ọjọ́, wákàtí àti nọ́ńbà RRN tó jẹ́ òǹkà 12 wà lára rẹ̀. Òun ni báńkì yóò fi wá owó náà rí. Bí a bá tún san owó náà lẹ́ẹ̀kejì, ká tọ́jú ìwé méjèèjì.

Èkejì, ká fi ọ̀ràn náà tó báńkì wa létí lọ́jọ́ náà gan-an, ká sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn wa. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti pàṣẹ pé kí wọ́n yanjú irú ọ̀ràn POS bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí 72. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, a lè kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀.

Bó Bá Jẹ́ Ilé Ìtajà Ló Jẹ̀bi

Ìgbà míì wà tí iye tó wà lára ọjà kò bá iye tí wọ́n gbà mu. Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ kà á léèwọ̀ kí olùtajà gba ohun tó ju iye tó kọ síta. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ náà ti ilé ìtajà ńlá kan pa ní Àbújá fún ìgbà díẹ̀ nítorí irú ọ̀ràn yìí. Kí a tó kúrò nídìí ìsanwó, ẹ jẹ́ ká ka rìsíìtì wa. Bí àṣìṣe bá wà, ká pe máníjà. Bí kò bá gbọ́, ká kọ lẹ́tà, ká fi ẹ̀dà rìsíìtì sí i. Lẹ́yìn náà la lè lọ sọ́dọ̀ FCCPC.

Kóòtù ńkọ́? Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2018, a sì lè rojọ́ níbẹ̀ láìgba lọ́yà. Síbẹ̀, àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ibi tí a ó lọ kẹ́yìn.

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ariwo kì í dá owó padà. Ìwé tí a tọ́jú àti ohùn pẹ̀lẹ́ ló sábà máa ń dá a padà.