Nígbà Tí X.Org Gba Ipò XFree86

X Window System ni sọ́fítíwíà tó ń gbé fèrèsé àti àwòrán wá sójú kọ̀ǹpútà Linux, òun náà ló ń gbọ́ ohun tí kíbọọ̀dù bá wí. Bob Scheifler àti Jim Gettys ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1984. Láti 1992, ẹ̀dà tí wọ́n pè ní XFree86 ló gbòde lórí kọ̀ǹpútà àdáni.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ló da ilé rú. Nínú oṣù Kejì ọdún 2004, XFree86 4.4 jáde tòun ti àṣẹ tuntun: ẹnikẹ́ni tó bá pín in gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọn tó ṣe é. Àwọn tó ń pín ètò kọ̀ǹpútà bíi Debian, Red Hat àti OpenBSD kọ̀ ọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, àjọ X.Org ti gbé X11R6.7 jáde, inú kóòdù XFree86 tí àṣẹ tuntun ò tíì kàn ni wọ́n sì ti yọ ọ́. Ubuntu gba X.Org wọlé ní 2005. Debian ò kánjú, àfi ní oṣù Kẹrin 2007, nígbà tí Debian 4.0 jáde.

Ẹni tó fi sídíì Ubuntu to ohun gbogbo lọ́tun kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sọ ti àtijọ́ dọ̀tun ló kan. Òfin dpkg, tó ń to sọ́fítíwíà sínú Debian, ni pé pákéèjì kan ṣoṣo ló ni fáìlì kan. Ọba méjì kì í jẹ láàfin kan. X11R7.0, tó jáde nínú oṣù Kejìlá 2005, sì ti tú ẹrù ńlá àtijọ́ sí ọ̀pọ̀ pákéèjì kéékèèké. Bí ọ̀kan nínú wọn bá nawọ́ sí fáìlì tó ṣì wà lọ́wọ́ pákéèjì àtijọ́, dpkg á dúró gbọnin. Iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú Debian ni láti kọ ìlànà méjì sínú pákéèjì tuntun: Replaces fún un láṣẹ láti gba fáìlì, Conflicts ní kí ti àtijọ́ yàgò.

Ibi tó ti le jù ni fódà /usr/X11R6/bin. Àwọn ètò inú rẹ̀ kó lọ sí /usr/bin, fódà náà sì gbọ́dọ̀ di ìtọ́ka lásán. Bí ètò kékeré kan péré bá ṣẹ́ kù síbẹ̀, pákéèjì x11-common kò ní wọlé, gbogbo pákéèjì tó gbára lé e á sì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á fi dpkg -S wádìí ẹni tó ni ètò náà, wọ́n á yọ pákéèjì rẹ̀ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà apt-get -f install á parí ìyókù. Àwọn kan máa ń lo --force-overwrite. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ ńṣe ló ń fipá borí ìjà láìparí rẹ̀.

Fáìlì ìṣètò kíbọọ̀dù, tó wà nínú pákéèjì xlibs tẹ́lẹ̀, bọ́ sínú xkb-data. Ibẹ̀ ni kíbọọ̀dù Nàìjíríà wà lónìí, pẹ̀lú ti Yorùbá, Ígbò àti Haúsá. XFree86 ò gbé ẹ̀dà mìíràn jáde mọ́ lẹ́yìn 4.8.0 ti ọdún 2008, ètò tuntun tó ń jẹ́ Wayland sì ti ń gba ipò X fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ fáìlì kíbọọ̀dù kan náà ni Wayland ń kà, nítorí náà ẹni tó ń tẹ Yorùbá lórí Linux ní Ìjẹ̀bú-Igbó kò ní láti wá òmíràn.