GPS inú bàálù kékeré

GPS inú bàálù kékeré jẹ́ ẹ̀rọ tí ó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà, tí ó sì ń fi ibi tí bàálù wà han awakọ̀. Oríṣi méjì ni: èyí tí wọ́n dè mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, àti èyí tí ó ṣeé gbé lọ́wọ́.

Èyí tí ó ṣeé gbé kò wọ́n tó èkejì. Ẹni tí ó ń háyà bàálù lè gbé e láti inú ọ̀kan bọ́ sínú òmíràn, bátìrì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ bí iná bàálù bá tilẹ̀ kú. Àmọ́ ìrànwọ́ lásán ni. Kò ní ìwé-ẹ̀rí tí awakọ̀ lè fi gbára lé e nígbà tí kò bá ríran níta.

Ní Kwara, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, eruku ọyẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń bo Ìlọrin, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ òfurufú International Aviation College wà, títí dé Òrò àti Òmù-Àrán. Ẹ̀rọ inú dáṣíbọ́ọ̀dù tí ó ní ìwé-ẹ̀rí, bí Garmin GNS 430 tí ó jáde ní 1998, ni ó wúlò nígbà náà. Sátẹ́láìtì 4 ti tó láti mọ ibi tí bàálù wà. Ìkarùn-ún ni ẹ̀rọ náà fi ń mọ̀ bí ọ̀kan nínú wọn bá ń purọ́, tí yóò sì kìlọ̀. Ọjọ́ 28 sí 28 ni àkójọ ìsọfúnni inú rẹ̀ ń di ọ̀tun, owó èyí kì í sì í ṣe díẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ń gbé èyí tó ṣeé gbé dání bí agbapò.