Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: Ìtàn àwọn ọmọ Gabon tó dé NBA, àti ohun tí draft kì í rí

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 2012, ìlú Libreville ni gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ń wò. Ibẹ̀ ni Zambia ti fi pẹ́náritì na Côte d'Ivoire, tí wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìlú yìí kan náà ni bàálù àwọn agbábọ́ọ̀lù Zambia ti gbéra lọ́dún 1993 kó tó já sínú òkun.

Lọ́dún 2012 yẹn náà, láìsí ariwo, láìsí kámẹ́rà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Libreville wọ bàálù lọ sí Amẹ́ríkà. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ló bá lọ. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni. Chris Silva ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún méje lẹ́yìn náà, NBA, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó lókìkí jù lágbàáyé, ka orúkọ ọ̀dọ́ 60 tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yàn. Orúkọ Silva kò sí níbẹ̀.

Ọmọ Gabon kan ti wà ṣáájú rẹ̀ tí wọ́n pe orúkọ tirẹ̀: Stéphane Lasme, lọ́dún 2007. Àmọ́ ẹni tí wọ́n pè kò lò ju sáà kan ṣoṣo lọ ní NBA. Ẹni tí wọn kò pè ló pẹ́ níbẹ̀ jù ú lọ.

Báwo ló ṣe jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ní Nombakélé, àdúgbò kan láàárín ìlú Libreville, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni ọba, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní Ìbàdàn tàbí Cotonou. Pierre-Emerick Aubameyang, ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà fún ọdún 2015, ni ọmọ Gabon tí ayé mọ̀ jù nídìí eré ìdárayá. Ẹni tó bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi oorun du ara rẹ̀. Aago kan náà ni Libreville àti Èkó ń lò, bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá sì lù ní New York nínú oṣù Kẹfà, aago kan òru ti lù ní àwọn ìlú méjèèjì.

Aago yẹn ni draft sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó sì lè di ìdájí kí wọ́n tó kan orúkọ ọmọ Áfíríkà tí èèyàn ń retí, bí wọ́n bá kàn án rárá.

Kí ni draft?

Draft ni ètò tí àwọn líìgì Amẹ́ríkà fi ń pín àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tí kò ṣe dáadáa ní sáà tó kọjá ló máa ń wà níwájú nígbà yíyàn, kó lè rí ẹni tí yóò gbé e dìde. Ọ̀dọ́ náà kọ́ ló ń yan ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ló ń yan ọ̀dọ́.

Líìgì futúbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, NFL, ló kọ́kọ́ ṣe é, lọ́dún 1936. Àwọn tó dá NBA sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 1947, nígbà tí líìgì náà ṣì ń jẹ́ BAA. Bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré, tẹ̀lé wọn lọ́dún 1965.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá ni ètò yìí ti ń dójú ti àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Jay Berwanger ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn nínú draft NFL ti ọdún 1936. Owó oṣù kò wọ̀ láàárín òun àti ẹgbẹ́, kò sì gbá ìdíje NFL kankan títí ayé rẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Orí ìgbàgbọ́ yìí ni gbogbo iṣẹ́ àwọn tó ń wá ọ̀dọ́ eléré ìdárayá kiri dúró lé. Wọ́n ń wọn gíga, wọ́n ń wọn gígùn apá, wọ́n ń wo bí ọmọ ṣe ń fò àti bó ṣe ń sáré. Àmọ́ ìtàn àwọn ọmọ Áfíríkà tó la ọ̀nà yìí já fi hàn pé àwọn kan wà tí kékeré wọn kò sọ nǹkan kan.

Ọmọ Èkó tó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀

Àpẹẹrẹ tó tóbi jù ni Hakeem Olajuwon. Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1963. Ó ń ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá. Ó ti tó ọmọ ọdún 15 kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Lójú ẹni tó ń wá àṣàmú láti kékeré, ọmọ yìí ti pẹ́ jù.

Lọ́dún 1980, ó wọ Yunifásítì Houston ní ìpínlẹ̀ Texas. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn ẹgbẹ́ Houston Rockets àti Portland ju owó ẹyọ sókè láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ yàn nínú draft ti ọdún 1984. Houston ló jẹ ẹ́, Olajuwon ni wọ́n sì mú. Sam Bowie ni Portland mú ṣìkejì. Ẹni kẹta tí wọ́n pè lọ́jọ́ náà ni Michael Jordan.

Ìfẹsẹ̀rìn tó kọ́ nídìí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àti aláfọwọ́gbá ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó jẹ́ kó máa yí po bí ìjì lábẹ́ àwọ̀n. Ó gba ife ẹ̀yẹ NBA fún Houston lọ́dún 1994 àti 1995. Bọ́ọ̀lù 3,830 tó fi ọwọ́ dí kó tó dé inú àwọ̀n ni ẹnikẹ́ni kò tíì kọjá títí di òní nínú àkọsílẹ̀ NBA.

Kò sí ẹni tó lè rí gbogbo èyí lára ọmọ ọdún 14 kan ní Èkó. Ohun tó mú un dàgbà ni àwọn ọdún tó lò lábẹ́ àwọn olùkọ́ ní Èkó àti ní Houston.

Ta ni Stéphane Lasme?

Port-Gentil, ìlú epo rọ̀bì orílẹ̀-èdè Gabon, ni wọ́n bí Lasme sí lọ́dún 1982. Ó lọ sí Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ó sì lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù dídí ni iṣẹ́ tó fi lórúkọ. Lọ́dún 2007, òun ni wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní líìgì àwọn yunifásítì tó ń jẹ́ Atlantic 10, ó sì tún gba ti ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù.

Nínú oṣù Kẹfà ọdún náà, Golden State Warriors pe orúkọ rẹ̀ ní ipò 46. Ọmọ Gabon kankan kò dé NBA rí ṣáájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìpè kì í ṣe àyè. Kí ọdún 2007 tó parí, Golden State ti jẹ́ kó máa lọ. Ó parí sáà náà pẹ̀lú Miami Heat, kò sì padà sí NBA mọ́.

Bí ìtàn bá dúró síbẹ̀, ẹni tó ń ka draft nìkan yóò sọ pé Lasme kò rọ́wọ́ mú. Àmọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ló forí lé. Ó bá Partizan gba ife ẹ̀yẹ ní Serbia lọ́dún 2009, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Maccabi Tel Aviv ní Ísírẹ́lì, ó sì dé Panathinaikos ní Gíríìsì. Lọ́dún 2013, EuroLeague, ìdíje ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ga jù ní Yúróòpù, dá a lọ́lá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù nínú gbogbo wọn.

Ọmọ ọdún 30 ni nígbà náà. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n ní ọmọ ọdún 24, tó sì ti ìwé rẹ̀ pa, kò rí apá tó dùn jù nínú ìtàn rẹ̀.

Ẹni tí wọn kò pe orúkọ rẹ̀

Ìrìn àjò ti Chris Silva le ju èyí lọ. Láti orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, ó bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ gírámà Roselle Catholic ní ìpínlẹ̀ New Jersey, níbi tó ti ní láti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ eré. Láti ibẹ̀ ló lọ sí Yunifásítì South Carolina.

Lọ́dún 2017, ilé ẹ̀kọ́ náà wà lára àwọn mẹ́rin tó kù kẹ́yìn nínú ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ohun tí wọn kò ṣe rí nínú ìtàn wọn. Nígbà tó di ọdún 2018, Silva wà lára àwọn méjì tí wọ́n jọ pín àmì ẹ̀yẹ ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù ní líìgì SEC.

Síbẹ̀, nígbà tí draft ọdún 2019 dé, wọ́n ka orúkọ títí wọ́n fi parí, wọn kò kan tirẹ̀.

Miami Heat ló ṣí ilẹ̀kùn fún un, wọ́n sì fún un ní àdéhùn tó ń jẹ́ kí ọ̀dọ́ máa lọ, kó máa bọ̀ láàárín ẹgbẹ́ àgbà àti líìgì ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti ń tọ́ agbábọ́ọ̀lù, ìyẹn G League. Nínú oṣù Kíní ọdún 2020, wọ́n sọ ọ́ di ojúlówó ọmọ ẹgbẹ́. Sáà náà ni Miami dé àṣekágbá NBA. Kì í ṣe òun nìkan ni draft fò dá nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹnikẹ́ni kò yan Duncan Robinson àti Kendrick Nunn náà, síbẹ̀ àwọn méjèèjì wà lára òpó ẹgbẹ́ ọ̀hún.

Ohun kan wà tí wọn kì í kọ sínú ìwé ìṣirò. Ní sáà àkọ́kọ́ Silva ní NBA yìí, ìyá rẹ̀ yọ sí i lójijì ní Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin gìrìwò náà sì bú sẹ́kún. Ó tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti fojú kan ara wọn kẹ́yìn. Fídíò náà káàkiri ayé. Iye tí ọ̀nà yìí ń ná ìdílé nìyẹn, yálà wọ́n pe orúkọ ọmọ tàbí wọn kò pè é.

Kí ni bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù lè kọ́ wa?

Draft bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù yàtọ̀ púpọ̀ sí ti NBA. Nígbà tí NBA ń yan nǹkan bí 60 ènìyàn láti gbogbo ayé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù ń yàn, lẹ́yìn náà ni yóò sì kó wọn lọ sí àwọn líìgì kéékèèké láti lọ dàgbà. NBA ń wá iṣu tó ti ta. Bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù ń ra èbù, ó sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò ní hù.

Àwọn tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, Canada àti Puerto Rico nìkan ló lè wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí Demi Orimoloye, tí wọ́n bí sí Nàìjíríà àmọ́ tó dàgbà ní agbègbè Ottawa ní Canada, fi rí àyè. Milwaukee Brewers yàn án ní ìpele kẹrin lọ́dún 2015. Nígbà tó di ọdún 2018, wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù àgbà kan láti Toronto. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní àwọn líìgì kéékèèké náà.

Gift Ngoepe ti South Africa kò lè wọ draft ní tirẹ̀. Inú ọgbà ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní Randburg ló dàgbà sí. Pittsburgh Pirates bá a tọwọ́ bọ̀wé lọ́dún 2008. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi wà ní ìsàlẹ̀. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2017 ló di ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbá bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù ní líìgì àgbà, MLB. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé igi, ó gbá bọ́ọ̀lù náà dáadáa.

Ẹgbẹ́ wo ni yóò fún agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kan láti Áfíríkà ní ọdún mẹ́sàn-án?

Ilé ẹ̀kọ́ ti ń sún mọ́ ilé

Ní àkókò Olajuwon, Lasme àti Silva, òkè òkun ni ọmọ sábà máa ń lọ kọ́ṣẹ́ kó tó dé NBA. Èyí ti ń yí padà. Lọ́dún 2017, NBA ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan sí Senegal fún àwọn ọ̀dọ́ jákèjádò Áfíríkà, kí wọ́n lè máa kàwé, kí wọ́n sì máa kọ́ eré pọ̀. Lọ́dún 2021, líìgì ilẹ̀ Áfíríkà, BAL, bẹ̀rẹ̀ ní Kigali.

Lọ́dún 2024, wọ́n yan Ulrich Chomche láti Cameroon, orílẹ̀-èdè tó bá Gabon pààlà, ní ipò 57. Kò kọ́kọ́ lọ sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Khaman Maluach láti South Sudan, tó gba ilé ẹ̀kọ́ Senegal yìí kan náà kọjá kó tó lọ sí Yunifásítì Duke, bọ́ sí ipò 10.

Ìrètí ńlá nìyí, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo kò lè gba gbogbo ọmọ Áfíríkà. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó ga, tàbí tó pẹ́ kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù bíi Olajuwon, ṣì lè bọ́ sẹ́yìn.

Nígbà tí oṣù Kẹfà bá tún dé, àwọn kan yóò tún jí ní aago kan òru, ní Nombakélé àti ní Èkó, láti gbọ́ orúkọ. Wọn yóò jiyàn lórí ẹni tó yẹ kí wọ́n mú àti ẹni tí wọn kò yẹ kí wọ́n fò dá. Ìbéèrè tí ìtàn Lasme àti Silva fi sílẹ̀ fún wọn ju ti ipò tí wọ́n pe ọmọ sí lọ: ta ni yóò gba ọmọ náà sọ́dọ̀ lọ́jọ́ kejì, ta ni yóò kọ́ ọ, ọdún mélòó ni wọn yóò sì ní sùúrù fún un?