Bí Bakitéríà Rere Ara Gbòǹgbò Ṣe Ń Wà Láàyè Nínú Ilẹ̀ Lẹ́yìn Ìkórè

Ẹni tó bá fa ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà tu yóò rí kókó kéékèèké lára gbòǹgbò rẹ̀. Ilé àwọn bakitéríà tí à ń pè ní ráísóbíà ni. Wọ́n ń gba náítírójìn inú afẹ́fẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún irúgbìn, irúgbìn náà sì ń fún wọn ní ṣúgà. (Kókó rere máa ń já kúrò bí a bá fi ọwọ́ kàn án, èyí tí aràn inú ilẹ̀ fà kì í já, nítorí gbòǹgbò gan-an ló wú.)

Lẹ́yìn ìkórè, kókó náà á jẹrà, ráísóbíà á sì padà sínú ilẹ̀. Níbẹ̀, ohun tó ti jẹrà ni wọ́n ń jẹ títí irúgbìn mìíràn yóò fi dé. Ibi tí ìṣòro wà fún àgbẹ̀ Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomaikò nìyí: ilẹ̀ etíkun jẹ́ oníyanrìn, kì í mú omi dúró, ohun jíjẹrà inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá ń pa ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò, púpọ̀ nínú wọn yóò kú. Iná sísun túbọ̀ ń dá kún un. Nítorí náà, a rọ̀ yín kí ẹ fi pòròpórò àti koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, kí ẹ má dáná sun wọ́n.

Ṣé dandan ni kí a ra bakitéríà alápò? Fún ẹ̀wà, kì í sábà jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí èyí tó bá a mu pọ̀ nínú ilẹ̀ wa. Sóyà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Irú tó wá láti Amẹ́ríkà ń fẹ́ bakitéríà tirẹ̀ tí kò sí nínú ilẹ̀ wa. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, fi mú irú TGx jáde, èyí tó lè bá ráísóbíà ìbílẹ̀ ṣe. Wọ́n tún ṣe NoduMax fún sóyà. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ pa á mọ́ síbi tútù, kí ó sì gbin irúgbìn tó fi pa lára lọ́jọ́ náà.

Ní oko ẹ̀fọ́ tí ìgbẹ́ adìyẹ ti pọ̀ lórí ẹbè, kókó lè má pọ̀ lára ẹ̀wà. Kò túmọ̀ sí pé bakitéríà ti kú tán. Irúgbìn tó ti rí náítírójìn tó kì í wá wọn. Bí ẹ̀wà bá ń tanná, ẹ la kókó kan: bí inú rẹ̀ bá pọ́n, ó ń ṣiṣẹ́.