Dominic àti Ìlẹ̀kẹ̀ Rósárì

Caleruega nílẹ̀ Sípéènì ni wọ́n ti bí Ẹni Mímọ́ Dominic ní nǹkan bí ọdún 1170. Ó dá ẹgbẹ́ àwọn oníwàásù sílẹ̀, Póòpù Honorius Kẹta fọwọ́ sí i lọ́dún 1216, Dominic sì kú ní Bologna lọ́dún 1221. Ìyẹn dájú. Èyí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ìtàn tí oṣù kẹwàá, oṣù rósárì, kì í kọjá kí wọ́n má tún un sọ fáwọn ọmọ ìjọ láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà dé Okokomaiko nílùú Èkó: pé Màríà Wúńdíá fara han Dominic lọ́dún 1214, ó sì fi rósárì lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀rí kan wà tó yẹ kó ti pa ìtàn náà rẹ́. Lóṣù kẹjọ ọdún 1233, arákùnrin mẹ́sàn-án tó bá Dominic gbé búra ní Bologna, wọ́n jẹ́rìí nípa ìgbésí ayé rẹ̀ kí póòpù tó kéde rẹ̀ lẹ́ni mímọ́ lọ́dún 1234. Ohun kékeré kò bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní bó bá ti jáde nílùú, a bọ́ bàtà rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì gbé e, kò ní jẹ́ kẹ́nì kan bá a gbé e. Bó bá kù díẹ̀ kó wọ ìlú mìíràn, a tún wọ̀ ọ́. Wọ́n ní Ìhìn Rere Mátíù àti lẹ́tà Pọ́ọ̀lù kì í kúrò lára rẹ̀. Wọ́n sọ ẹkún tó ń sun lóru nídìí àdúrà. Wọ́n ní kò ní ibùsùn tirẹ̀. Ẹni tó rántí bàtà, ṣé yóò gbàgbé ìlẹ̀kẹ̀ tí Màríà fi ránṣẹ́ láti ọ̀run? Wọn ò dárúkọ rósárì rárá. Jordan ará Saxony, tó gbapò Dominic tó sì kọ ìtàn rẹ̀, kò dárúkọ rẹ̀ náà.

Alan de la Roche, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, tó kú lọ́dún 1475, ló tan ìtàn yìí káyé, ìran tó lóun rí ló sì fi gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé ń dà á kọ láìwẹ̀yìn, Póòpù Leo Kẹtàlá pàápàá tún un sọ lọ́dún 1883. Àdàkọ kì í ṣe ẹ̀rí, iye yòówù kó jẹ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà ti wà kí wọ́n tó bí Dominic. Òpìtàn William ará Malmesbury ròyìn pé Godiva, ìyàwó ìjòyè ní Coventry, fi ọ̀wọ́ òkúta iyebíye tó fi ń ka àdúrà sílẹ̀ fún ère Màríà nígbà tó ń kú lọ, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Àwọn tí kò lè ka Sáàmù 150 lédè Látìnì máa ń gba àdúrà Baba Wa 150 dípò rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, Dominic mìíràn, ará Prussia, tó ń gbé ilé àwọn Carthusian ní Trier, so àṣàrò lórí ayé Jésù mọ́ àádọ́ta Mo Kí Ọ Màríà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orúkọ tó bára mu yìí ló gbé iṣẹ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ tẹ̀súbáà, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà àwọn Mùsùlùmí, náà wà níbẹ̀. Nínú dáńfó tó ń gbérò ní Ìyànà-Ìbà, rósárì lè wà lọ́wọ́ ẹnì kan, kí tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í. Nígbà tí wọ́n bí Dominic, Mùsùlùmí ló ń ṣàkóso gúúsù Sípéènì. Bóyá ibẹ̀ ni àṣà àtifi ìlẹ̀kẹ̀ ka àdúrà gbà wọ Yúróòpù. Bóyá àwọn Kristẹni aginjù Íjíbítì, tó ń fi òkúta wẹ́wẹ́ ka tiwọn kí Ìsìláàmù tó dé, ló kọ́kọ́ là á sílẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà méjèèjì ló pàdé.