Alùpùpù Tòkunbọ̀ àti Èbúté Àpápá

Ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé ni àwọn Yorùbá ń pè ní Tòkunbọ̀. Láti nǹkan bí àárín ọdún 1980 lọ ni orúkọ yìí ti bọ́ sára ọkọ̀, fìríìjì àti alùpùpù tí àwọn ará òkèèrè ti lò gbó.

Ohun tí ó fà á kò fara sin. Ilé-iṣẹ́ Honda ti wà ní Ọ̀tà láti 1979, a sì ń to alùpùpù tuntun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Ibrahim Babangida fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹsàn-án 1986, náírà já wálẹ̀, ẹ̀rọ tuntun sì di àwòmọ́jú fún tálákà.

Àlòkù ni ó kù. Èbúté Àpápá, tí ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀ ti ṣí ní 1926, gba ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé. Wharf Road sì gbé e wọ ìgboro. Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ a san owó èsúsú lórí ẹ̀rọ kan, a sì di ọlọ́kadà. (Okada Air, tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ni orúkọ yẹn ti wá, bàálù ọ̀hún ti kógbá sílé, orúkọ rẹ̀ ṣì ń sáré ní títì.)

Honda C70 rọ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn, nítorí kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí ọwọ́ ń tẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ni ó ń yí jíà. Ẹ̀rọ gíga tí a ṣe fún eré inú igbó lè la ẹrẹ̀ kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹni tí kò ga kì í tólẹ̀ lórí rẹ̀, ṣíṣubú kò sì ní jìnnà sí i. Ìṣòro tí ó le jù ni pé olùrà kò mọ ìrìn tí ẹ̀rọ náà ti rìn. Nọ́ńbà máìlì kì í ṣe ẹ̀rí, ó ṣeé yí padà. Èéfín tí ó ṣú nínú Honda jẹ́ àmì ẹ́ńjìnì tí ó ti jẹ; nínú Suzuki tí a ń po òróró mọ́ epo rẹ̀, èéfín díẹ̀ kì í ṣe àrùn. Ojú ibi tí a ti jó irin pọ̀ lábẹ́ ìjókòó ni ó yẹ kí a wá, kí a sì fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wé ti inú ìwé.

Síbẹ̀, ìwé tí ó pé kò gba gbogbo ènìyàn là. Òfin ìrìnnà Èkó ti 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ títì. Ní oṣù Kejì 2020 àti oṣù Kẹfà 2022, Àpápá wà lára ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí a ti fòfin dè é. Àwọn ẹ̀rọ tí a gbà ni ìjọba fi irin ńlá rún, àti èyí tí olówó rẹ̀ kò tíì san èsúsú rẹ̀ tán.